Ọbẹ̀ kan fún gbogbo ilé: oúnjẹ tí kò ní àlìkámà tàbí mílíìkì nínú

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ni ẹ sè lánàá? Bí ẹ bá ń gbé ní Kika tàbí ní abúlé mìíràn ní agbègbè Tchaourou, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ iyán, tàbí ọkà tí ẹ fi ìyẹ̀fun àgbàdo rò, tàbí àmàlà èlùbọ́. Ọbẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ọbẹ̀ ẹ̀pà, ọbẹ̀ ilá tàbí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Kò sí àlìkámà nínú ọ̀kankan nínú wọn. Kò sì pọn dandan kí mílíìkì wà níbẹ̀.

Ní ìlú àwọn òyìnbó, àwọn ènìyàn wà tí wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ búrẹ́dì rárá. Àwọn mìíràn kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan mílíìkì. Wọ́n ń ná owó púpọ̀ láti ra ìyẹ̀fun tí a kò fi àlìkámà ṣe. Àgbàdo, ìrẹsì, gbágùúdá àti ọkà bàbà ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú ìyẹ̀fun olówó gọbọi yìí, àwa sì ń gbìn wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé.

Nítorí náà, bí dókítà bá sọ fún yín pé ọmọ yín, tàbí ẹ̀yin fúnra yín, kò gbọ́dọ̀ jẹ àlìkámà tàbí mílíìkì mọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rù. Ẹ kò ní láti máa se ìkòkò méjì. Ìkòkò kan lè bọ́ gbogbo ilé. Ohun tí ẹ ní láti mọ̀ ni ibi tí àlìkámà àti mílíìkì máa ń fara pamọ́ sí, àti ohun tí ẹ ó fi dípò wàrà nínú ọbẹ̀. Ẹni tí ó bá mú mílíìkì àti wàrà kúrò nínú àwo ọmọ, tí kò fi nǹkan mìíràn sí i, lè fi àìsàn kan rọ́pò òmíràn.

Kí ni gluten?

Àlìkámà ni ọkà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì. A kì í gbìn ín lọ́dọ̀ wa. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé e wá sí Cotonou láti òkè òkun. Bí ẹ bá fi omi po ìyẹ̀fun àlìkámà, yóò máa fà bí oje igi. Bí ẹ bá fi omi po ìyẹ̀fun àgbàdo, kì í fà bẹ́ẹ̀, yóò já. Ohun tí ó ń mú kí ti àlìkámà máa fà ni wọ́n ń pè ní gluten. Òun náà ni ó ń mú kí búrẹ́dì wú. Gluten wà nínú àlìkámà, ó wà nínú ọkà báálì tí wọ́n fi ń ṣe bíà, ó sì wà nínú ọkà ilẹ̀ òtútù kan tí àwọn Faransé ń pè ní seigle. Kò sí gluten nínú àgbàdo, ìrẹsì, ọkà bàbà, jéró, iṣu, gbágùúdá, ẹ̀wà, ẹ̀pà tàbí sóyà.

Àwọn ènìyàn kan wà tí gluten máa ń ba ìfun wọn jẹ́. Inú ìfun wa dà bí aṣọ ìnura: ó ní irun kéékèèké tí ń fa agbára oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹni tí ó ní àrùn yìí bá jẹ búrẹ́dì, ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìfun ara rẹ̀ jà, àwọn irun yìí yóò sì run díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà ń jẹun, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lára. Ikùn rẹ̀ á wú. Apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á tín-ín-rín. Ìgbẹ́ rẹ̀ á máa rọ̀, á sì máa rùn ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dín kù, kò sì ní dàgbà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Maladie cœliaque ni àwọn dókítà ń pe àrùn yìí ní èdè Faransé. Kò sí oògùn tí ń wò ó. Oúnjẹ ni oògùn rẹ̀: kí ẹni náà má jẹ gluten mọ́ títí ayé, kódà kí ó má jẹ díẹ̀.

Dókítà kan ní ilẹ̀ Holland ni ó fi hàn pé búrẹ́dì ni ó ń fà á. Willem Dicke ni orúkọ rẹ̀, ọmọdé ni ó ń tọ́jú. Ó ti ń fura sí búrẹ́dì kí ogun àgbáyé kejì tó dé. Nígbà òtútù ọdún 1944 sí 1945, ìyàn ńlá mú ní Holland, búrẹ́dì sì di ohun tí a kò rí rà. Àwọn ọmọ tí ara wọn le tẹ́lẹ̀ ń rù, ṣùgbọ́n ara àwọn ọmọ tí ó ní àrùn yìí ń yá. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn wọn náà padà. Ní ọdún 1950 ni Dicke kọ ìwé lórí ohun tí ó rí.

Ẹ má ṣe rò pé àrùn òyìnbó nìkan ni. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Sàháráwì. Darandaran ni wọ́n ní aṣálẹ̀, mílíìkì ràkúnmí sì wà lára oúnjẹ wọn pàtàkì. Ogun lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò ní ilẹ̀ wọn láti ọdún 1975, wọ́n sì ń gbé nínú àgọ́ lẹ́bàá Tindouf ní ilẹ̀ Algeria títí di òní. Oúnjẹ ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ìyẹ̀fun àlìkámà sì pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wọn wò, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 1999: nínú 100 ọmọ, ó lé ní 5 tí ó ní àrùn náà. Èyí pọ̀ gan-an, ó ju ti àwọn ará Yúróòpù lọ. Ní Burkina Faso tí ó súnmọ́ wa, àwọn oníwàdìí wá àmì àrùn yìí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú, wọn kò rí i. Ọdún 2002 ni wọ́n kéde èyí. Ó dà bí ẹni pé ó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà bá a.

Ohun méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ mílíìkì

Àwọn ènìyàn máa ń da ohun méjì yìí pọ̀ mọ́ra wọn.

Èkínní ni ṣúgà tí ó wà nínú mílíìkì, tí wọ́n ń pè ní lactose. Ìfun ọmọ ọwọ́ ní ohun kan tí ó fi ń gé ṣúgà yìí sí wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn tí a bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, ohun yìí máa ń dín kù lọ́dún dé ọdún. Lára púpọ̀ nínú àwa ọmọ àgbẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń kù bí a bá dàgbà. Ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà kan yóò fi mu ife mílíìkì tútù kan, tí ikùn rẹ̀ á máa kùn, tí afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀, tí ó sì lè ya ìgbẹ́ olómi kí ọjọ́ tó rọ̀. Èyí kì í ṣe àrùn. Bí ara wa ṣe rí nìyẹn. Àwọn Fúlàní aládùúgbò wa yàtọ̀: láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n ti ń mu mílíìkì, púpọ̀ nínú wọn sì ń lè gé ṣúgà yìí títí di ọjọ́ ogbó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bínú sí ikùn ara rẹ̀ nítorí pé Fúlàní ń mu ún, tí kò sì ṣe é ní nǹkan kan.

Ẹni tí ó bá jẹ́ pé ṣúgà mílíìkì nìkan ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu lè jẹ wàrà, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní wàgàsì. Nígbà tí àwọn obìnrin Fúlàní bá fi oje bomubomu mú kí mílíìkì dì, púpọ̀ nínú ṣúgà náà a máa bá omi rẹ̀ lọ. Mílíìkì kíkan náà dẹrùn fún ikùn ju tútù lọ.

Èkejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn kórìíra mílíìkì màlúù fúnra rẹ̀, kì í ṣe ṣúgà inú rẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá tọ́ ọ wò, ara rẹ̀ lè lé, ètè rẹ̀ lè wú, ó lè máa bì, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Fún ọmọ bẹ́ẹ̀, wàrà kò dára, mílíìkì kíkan kò dára, bọ́tà kò dára. Mílíìkì ewúrẹ́ náà kò dára, nítorí ó jọ ti màlúù púpọ̀. Bí èémí ọmọ bá ń há lẹ́yìn tí ó jẹ nǹkan, ẹ má ṣe dúró wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú àwọn ọmọ yìí ni ara wọn ń padà gba mílíìkì bí wọ́n bá dàgbà díẹ̀. Dókítà ni yóò sọ ìgbà tí ẹ lè dán an wò.

Kí ẹ tó yọ ohunkóhun kúrò nínú àwo ọmọ

Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọ bá ń ṣu, tí ó sì ń rù, kì í sábà jẹ́ búrẹ́dì ni ó fà á. Omi tí kò mọ́ ni, tàbí aràn, tàbí ibà, tàbí ọwọ́ tí a kò fọ̀. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín kí ẹ tó dá ìdájọ́ lé oúnjẹ lórí. Bí nọ́ọ̀sì bá rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju agbára rẹ̀ lọ, yóò rán yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bí èyí tí ó wà ní Papanè tàbí ní Parakou.

Bí dókítà bá fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí gluten, ẹ má ṣe dá búrẹ́dì dúró kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọmọ bá ti fi búrẹ́dì sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, àmì àrùn náà lè ti parẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a kò sì ní mọ òótọ́ mọ́.

Ẹ̀yin ìyá, ohun kan tún wà. Lẹ́yìn àrunṣu líle, ìfun ọmọ lè kọ mílíìkì màlúù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ìfun náà bá ti san, yóò tún gbà á. Ìyẹn kì í ṣe èèwọ̀ títí ayé. Omi ọmú ìyá kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Omi ọmú nìkan ni oúnjẹ ọmọ títí yóò fi pé oṣù 6; lẹ́yìn náà, kí ó máa mu ún pẹ̀lú oúnjẹ mìíràn títí ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọ tí ń mu ọmú bá jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ kórìíra mílíìkì màlúù, dókítà lè ní kí ìyá fúnra rẹ̀ má jẹ wàrà fún ìgbà kan. Kò ní sọ pé kí ó gba ọmú lẹ́nu ọmọ.

Kí ló dé tí a fi ń tẹnu mọ́ èyí? Ní ọdún 1935, dókítà obìnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Accra, Cicely Williams, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn ń wú, tí irun wọn ń pupa, tí awọ ara wọn ń bó. Àwọn Gã ń pe àìsàn náà ní kwashiorkor, orúkọ náà ni gbogbo ayé sì ń lò di òní. Ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni ó máa ń mú, ọmọ tí ó jẹ́ pé ẹ̀kọ àgbàdo lásán ni ó ń rí jẹ. Bí ìyá bá gbọ́ pé mílíìkì kò dára fún ọmọ rẹ̀, tí ó yọ mílíìkì àti wàrà kúrò, tí ó sì fi ẹ̀kọ lásán sílẹ̀, ojú ọ̀nà kwashiorkor ni ó gbé ọmọ náà lé.

Ẹ ka ara páálí

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà, èyí ni ibi tí ìwé kíkà ti wúlò. Búrẹ́dì, bisikíìtì, sìpàgẹ́tì, makaróónì àti kúsúkúsù inú páálí: àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni yovo doko, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní pọ́fù-pọ́fù. Àwọn wọ̀nyí hàn gbangba. Ṣùgbọ́n àlìkámà tún lè wà nínú oúnjẹ ọmọdé inú agolo, nínú ọbẹ̀ gbígbẹ inú ọ̀rá, àti nínú àwọn kan lára àwọn amọ́bẹ̀dùn alákùbù. Ẹ kò ní láti gbọ́ Faransé. Ẹ sáà wo àwọn lẹ́tà náà, kí ẹ fi wọ́n wé èyí tí ó wà níhìn-ín.

Bí ẹ bá rí blé, froment, semoule, orge, malt, seigle tàbí gluten, gluten wà níbẹ̀, àfi bí wọ́n bá kọ sans gluten, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kò sí i. Bí ẹ bá rí lait, beurre, crème, fromage, lactose, lactosérum tàbí caséine, mílíìkì ni. Ẹ ṣọ́ra fún sans lactose. Ṣúgà mílíìkì nìkan ni wọ́n yọ kúrò nínú irú èyí, mílíìkì fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ kórìíra mílíìkì kò gbọ́dọ̀ mu ún. Ṣùgbọ́n lait de coco, àgbọn ni, kò ní mílíìkì nínú.

Ohun tí a ń tà ní ìdí iná kò ní páálí tí a lè kà. Ẹ béèrè. Àwọn alákàrà kan máa ń fi ìyẹ̀fun àlìkámà díẹ̀ sí ẹ̀wà kí ó lè wú. Dẹ̀gẹ́, mílíìkì ni wọ́n fi ń pò ó, àwọn kan nínú ìlú sì ń fi kúsúkúsù àlìkámà ṣe é dípò jéró. Fún àwọn bàbá: ọkà báálì ni wọ́n fi ń ṣe bíà inú ìgò, ọtí ọkà bàbà tí à ń pè ní ṣùkútù kò ní gluten. (Èyí kì í ṣe ìmọ̀ràn pé kí ẹ máa mu ún láràárọ̀.)

Iyán àti ọbẹ̀ láìsí wàrà

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí iyán, nítorí iṣu ni olórí oúnjẹ ní agbègbè yìí. Laboko ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn láti fi gún iyán. Kokoro ni wọ́n máa ń bó, tí wọ́n ń sá nígbà ọyẹ́ fún èlùbọ́. Kò sí wàhálà nínú méjèèjì. Inú ọbẹ̀ ni wàhálà wà. Ní gbogbo ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Parakou, bí ẹ bá jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń ta iyán, ọbẹ̀ ẹ̀pà pẹ̀lú wàrà díndín ni wọn yóò gbé wá. A kò ní tàn yín: kò sí ohun tí ó dùn bíi wàrà gan-an. Ṣùgbọ́n wàrà sóyà súnmọ́ ọn, ó ń gba ata, ó sì ń gba ọbẹ̀. Sóyà kò sì ṣòro láti rí ní Borgou.

Ẹ ṣa sóyà agolo 3, kí ẹ yọ òkúta àti èyí tí ó ti bàjẹ́ kúrò. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi láti alẹ́ di òwúrọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí èèpo rẹ̀ léfòó, kí ẹ dà á nù, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ po ó pọ̀ mọ́ omi agolo 18, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Ẹ gbé omi rẹ̀ kaná, kí ẹ máa rò ó, nítorí ó máa ń tètè jó nísàlẹ̀ ìkòkò, ó sì máa ń ru sókè lójijì. Lẹ́yìn tí ó bá hó, ẹ jẹ́ kí ó máa hó nìṣó fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má ṣe gé àkókò yìí kúrú láti fi igi pa mọ́. Sóyà tí kò jinná ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí ikùn lo agbára oúnjẹ, iná nìkan ni ó ń borí rẹ̀. Nísinsìnyí, ẹ da omi ògì kíkan sí i díẹ̀díẹ̀, tàbí omi òroǹbó wẹ́wẹ́. Ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré. Yóò dì, yóò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára omi. Ẹ dà á sínú aṣọ, ẹ dì í, ẹ gbé òkúta lé e fún wákàtí kan. Ẹ gé e, ẹ fi iyọ̀ àti ata pa á lára, kí ẹ sì dín in. Èérí sóyà tí ó kù nínú aṣọ tún wúlò: ẹ lè pò ó mọ́ ẹ̀wà àkàrà, tàbí kí ẹ fún ewúrẹ́.

Àwọn kan máa ń fi omi wàrà màlúù mú kí sóyà dì. Ó dára fún àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò dára fún ọmọ tí ara rẹ̀ kórìíra mílíìkì. Bí ẹ bá ń ra wàrà sóyà lọ́jà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi mú un dì, kí ẹ sì béèrè bóyá inú epo kan náà ni wọ́n ti dín wàrà màlúù.

Wàrà sóyà ní èròjà tí ń kọ́ ara. Ṣùgbọ́n bí omi ògì tàbí òroǹbó ni a fi mú un dì, kò ní èròjà egungun púpọ̀ bíi ti wàrà màlúù. Ẹ wá ìyẹn sí ibòmíràn. Ẹja wẹ́wẹ́ láti odò Okpara, tàbí ẹja gbígbẹ láti ọjà, tí ẹ gún teegun-teegun, tí ẹ sì bù sínú ọbẹ̀: egungun yẹn gan-an ni a ń wá. Ewé oṣè gbígbẹ tí a fi ń se ọbẹ̀ yíyọ̀ ní i. Ewé mọ̀ríńgà ní i púpọ̀. Ẹ sá a sí abẹ́ ibòji, kì í ṣe sínú oòrùn, kí ẹ gún un, kí ẹ bu ṣíbí kan tàbí méjì sínú ọbẹ̀ bí ẹ bá ti fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Yànmọ̀tí náà ní i. Ìrù ń mú ọbẹ̀ dùn, kò sì ní gluten tàbí mílíìkì. Bí ìrù bá wà, kí ni a ń fi alákùbù ṣe?

Bí ọbẹ̀ ẹ̀pà bá wá di ti ojoojúmọ́, ẹ mójú tó ẹ̀pà náà. Èyí tí ó bu, tí ó dúdú tàbí tí ó korò, ẹ dà á nù. Májèlé kan máa ń wà nínú ẹ̀pà àti àgbàdo tí ó bu, sísè kì í sì í pa á. Ní Kẹ́ńyà ní ọdún 2004, àgbàdo tí ó bu pa ènìyàn tí ó lé ní 100. Kí ẹ sá ẹ̀pà gbẹ dáadáa lórí ẹní tàbí tapólì, kì í ṣe lórí ilẹ̀ lásán.

Oúnjẹ òwúrọ̀, àti ohun tí ẹ ó fi dípò kúsúkúsù

Ìgbà tí owó kajú bá wọlé ni búrẹ́dì, sìpàgẹ́tì àti mílíìkì inú agolo máa ń pọ̀ jù nínú ilé. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé oúnjẹ ọlọ́lá ni wọ́n. Ìyá tí ó fún ọmọ rẹ̀ ní àkàrà àti ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀ ti fún un ní ohun tí ó dára ju búrẹ́dì àti tíì lọ, yálà ọmọ náà ní àrùn tàbí kò ní.

Fún ọmọ kékeré tí kò lè mu mílíìkì, ẹ yan sóyà títí yóò fi pupa díẹ̀ tí yóò sì máa ta sánsán, kí ẹ bó o, kí ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ po agolo 1 rẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun àgbàdo tàbí ti ọkà bàbà agolo 3. Ẹ fi se ẹ̀kọ mímu, kí ó jinná dáadáa, kí ó sì ki. Ẹ̀kọ tí ó ṣàn bí omi kò ní agbára nínú. Ẹ fi ṣíbí ẹ̀pà lílọ̀ kan sí i kí ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mílíìkì sóyà tí a ṣe nílé dára fún ọmọ tí ó ti dàgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò omi ọmú fún ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan.

Máàsà tí wọ́n fi ìrẹsì tàbí jéró ṣe dára, ọ̀lẹ̀lẹ̀ dára, dùndú náà dára.

Bí ọkàn àwọn ọmọ bá ń fà sí kúsúkúsù, ẹ ṣe wàsàwásà. Èlùbọ́ iṣu ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ da èlùbọ́ sínú igbá fífẹ̀, ẹ máa wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi ọwọ́ yí i títí yóò fi di hóró kéékèèké. Ẹ dà á sínú ìkòkò oníhò, ẹ gbé e lé orí ìkòkò omi tí ń hó, ẹ fi aṣọ tútù di àlàfo tí ó wà láàárín ìkòkò méjèèjì kí ooru má bàa jáde. Bí ó bá jinná, àwọ̀ rẹ̀ á dúdú bíi ti àmàlà. Ẹ fi òróró, àlùbọ́sà, ata àti ẹja díndín jẹ ẹ́, tàbí kí ẹ bu ẹ̀wà sí i. Ní ilé tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe, kò sí ẹni tí ń rántí kúsúkúsù inú páálí.

Àwo kan, ọwọ́ púpọ̀

Lọ́dọ̀ wa, inú àwo kan ni àwọn ọmọ ti ń jẹun. Ìdí nìyí tí ìkòkò kan fi dára ju ìkòkò méjì lọ. Bí ẹ bá bu ti ọmọ kan sọ́tọ̀ lójoojúmọ́, yóò rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ òun, yóò sì lọ bu búrẹ́dì jẹ ní kọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì jẹ́ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ búrẹ́dì ti ọwọ́ bọ àwo rẹ̀, èérún búrẹ́dì yóò bọ́ sínú rẹ̀. Fún ẹni tí ó ní àrùn gluten, èérún yẹn tó láti ba ìfun jẹ́. Kí gbogbo ọwọ́ di fífọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ kí wọ́n tó jókòó sí ìdí àwo. Epo tí a fi dín yovo doko kò gbọ́dọ̀ dín àkàrà ọmọ yìí. Ajọ̀ tí a fi ń jọ ìyẹ̀fun àlìkámà, kí ẹ yà á sọ́tọ̀.

Ẹ sọ fún ìyá-àgbà, ẹ sọ fún àwọn àǹtí àti àbúrò ọkọ, kí wọ́n má bàa fi bisikíìtì kẹ́ ọmọ nígbà tí ẹ bá lọ sí oko. Bí ilé-ìwé ọmọ yín bá ń se oúnjẹ, ẹ lọ bá obìnrin tí ń sè é fúnra yín, kí ẹ ṣàlàyé fún un. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ sìpàgẹ́tì, kí ọmọ gbé iṣu sísè àti wàrà sóyà lọ nínú abọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ilé ìwòsàn. Bí ọmọ bá rù, wọ́n lè fún un ní oúnjẹ ẹ̀pà inú ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní Plumpy'Nut. Ó ti gba ẹ̀mí ọmọ púpọ̀ là, ṣùgbọ́n mílíìkì wà nínú rẹ̀. Bí ara ọmọ yín bá kórìíra mílíìkì, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó tó ya ọ̀rá náà.